Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóyè M.K.O. Abíọ́lá àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Nínú Rẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Wa

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

  

Bí oníbàárà bá pè yín lórí fóònù pé òun ń bọ̀ ní Computer Village, ọ̀pọ̀ nínú wa á ní kó gba Medical Road wọlé. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìjọba fún títì yẹn ni Simbiat Abiola. Bí ẹ bá wọ mọ́tò lọ sí apá Ọ̀rẹ́gùn, títì tí ẹ máa gbà ń jẹ́ Kudirat Abiola. Bí ẹ bá sì ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú, títì kan wà lápá ibẹ̀ tó ń jẹ́ Concord. Inú ilé kan ṣoṣo ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Simbiat ni ìyálé ilé náà. Kudirat ni ìyàwó tí wọ́n yìnbọn pa. Concord ni ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí baálé ilé dá sílẹ̀. Baálé ọ̀hún ni Olóyè Moshood Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá, tí gbogbo ayé ń pè ní M.K.O.

Àwọn ọmọ tó ń bá wa ta ṣájà àti páǹtì fóònù nínú ọjà yìí, ọ̀pọ̀ wọn ni wọn ò tíì bí nígbà tí Abíọ́lá kú. Wọ́n mọ̀ pé June 12 jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ó parí síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé àjọ̀dún wa ti ọdún yìí. Ìbéèrè kan sì wà níbẹ̀ tó kan ẹgbẹ́ wa gan-an: kí ló dé tí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí Abíọ́lá fi owó ara rẹ̀ dá sílẹ̀ fi wó lẹ́yìn rẹ̀, tí ohun tí àwa aráàlú fi sí i lọ́wọ́ fi wà títí dòní?

ỌMỌ TÓ Ń TA IGI ÌDÁNÁ

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1937 ni wọ́n bí Moshood ní Abẹ́òkúta, ọmọ Gbágùúrá ni. Salawu ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, Suliat Wúràọlá Àyìnkẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́ tó yè. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ọmọ méjìlélógún ló ti lọ ṣáájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Káṣìmawò. Wọn ò tíì fẹ́ yọ̀, wọ́n ní ká ṣì máa wò ó ná, bóyá eléyìí á dúró. Ìyá tó bá ti sọkún àbíkú rí mọ ohun tí orúkọ yẹn wúwo tó.

Ilé wọn kò rí jájẹ. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́sàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀. Á jí ní ìdájí, á wọ igbó lọ, á ṣẹ́ igi ìdáná, á gbé e wálé, á tà á kó tó lọ sí ilé-ìwé. Owó yẹn ni wọ́n fi ń ran bàbá rẹ̀ tó ti ń dàgbà àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Àwa tá a wà nídìí òwò mọ̀ pé òwò tí kò béèrè owó ìbẹ̀rẹ̀ ni igi ìdáná. Àdá, okùn àti orí ẹni ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi irú òwò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì omi tútù, ẹlòmíì ẹ̀pà sísè. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Nígbà tó tó ọmọ ọdún 15, ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀. Wọ́n ń ṣeré níbi ìnáwó, oúnjẹ sì ni wọ́n fi ń san owó wọn níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òkìkí wọn kàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó gidi. Owó eré yìí ló fi ran ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ní Baptist Boys' High School, Abẹ́òkúta.

Ní ilé-ìwé yìí ni ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ kan iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Wọ́n ní ìwé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀, The Trumpeter ni wọ́n ń pè é. Abíọ́lá ni olóòtú, igbákejì rẹ̀ sì ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ẹ wo bí ayé ṣe ń pín ọmọ. Àwọn méjèèjì jókòó sídìí ìwé kan náà, ọ̀kan lọ wọ iṣẹ́ sójà, ó sì jẹ olórí ìjọba ológun láti 1976 sí 1979. Èkejì lọ sídìí ìṣirò owó. Àárín Abíọ́lá àti àwọn sójà kò sì tán síbẹ̀, òun ló gba gbogbo ìyókù ìtàn yìí kan.

LÁTI BÁŃKÌ DÉ ILÉ-IṢẸ́ TẸLIFÓÒNÙ

Ní 1956, ó di akọ̀wé ní báńkì Barclays ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ń rí sí ètò ìnáwó, ibẹ̀ ló ti rékọjá sí yunifásítì Glasgow ní Scotland, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó yanjú. Nígbà tó dé, ó ṣe akáǹtáǹtì ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìdí-Àràbà (LUTH), ó tún ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer.

Ibi tí owó ńlá ti wá ni ITT, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta ẹ̀rọ tẹlifóònù. Abíọ́lá di alága wọn ní Nàìjíríà, ó sì ga títí tó fi di igbákejì ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ayé. Nígbà yẹn, ìjọba nìkan ló ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, àwọn sójà ló sì wà nídìí ìjọba. Àwọn ni oníbàárà rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ wọ́n di ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìtàn tí a bá ń kọ kò gbọdọ̀ jẹ́ oríkì nìkan, torí náà mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì. Gbogbo ayé kọ́ ló yìn ín nígbà yẹn. Tẹlifóònù Nàìjíríà kò dára, aráàlú ń kùn. Títí di ìgbà tí GSM wọlé ní 2001, gbogbo ìlà tẹlifóònù orílẹ̀-èdè wa kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 400 lọ. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí òun náà jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, kọ orin I.T.T. ní 1980, ó fi bú ilé-iṣẹ́ náà, ó sì dárúkọ Abíọ́lá sí i. Àwọn àgbà inú wa mọ orin náà dáadáa.

CONCORD DÉ

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1980 ni National Concord jáde. Nítòsí wa níbí, lápá títì pápákọ̀ òfurufú, ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Kò pẹ́ tó fi di ilé ńlá: Sunday Concord wà, African Concord wà, Business Concord àti Weekend Concord náà wà. Ó tún tẹ ìwé ìròyìn ní èdè wa, Ìṣọ̀kan ni wọ́n sọ ọ́. Ó ṣe Amana fún àwọn Haúsá, ó ṣe Udoka fún àwọn Ìgbò. Ìyẹn ni pé ìyá aláta tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà lè fi 'kọ́bọ̀' rẹ̀ ra ìwé, kó ka ohun tí ìjọba ń ṣe.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ fi ọwọ́ mú èyí. Obìnrin ni wọ́n fi ṣe olóòtú National Concord látìbẹ̀rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Doyin, tó di ìyàwó Abíọ́lá lẹ́yìn náà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tó kárí Nàìjíríà. Ní 1986, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Ọdún 2025 ló papò dà. Dele Giwa náà ṣe olóòtú Sunday Concord kó tó lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Newswatch sílẹ̀. Ìkẹjà níbí náà ni lẹ́tà bọ́ǹbù ti pa á nínú ilé rẹ̀, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1986.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ni Concord ń bá ṣe, ó sì ń bá Olóyè Awólọ́wọ̀ jà lójú ewé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá bínú sí i fún ìyẹn. Nígbà tí Abíọ́lá fẹ́ du ipò olórí orílẹ̀-èdè lábẹ́ NPN, àwọn alágbára inú ẹgbẹ́ náà kò gbà fún un. Ó fi wọ́n sílẹ̀ ní 1982.

Òwò rẹ̀ kò dúró síbi ìwé ìròyìn. Ó ní ọkọ̀ òfurufú Concord Airlines, ó ní búrẹ́dì Wonder, ó ní oko, ó ní ilé ìtàwé. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, Abíọ́lá Babes ti Abẹ́òkúta, gba ife ẹ̀yẹ FA Cup ní 1985 àti 1987.

ỌWỌ́ TÓ LA

Ohun tó mú kí mẹ̀kúnnù gbàgbé ìbínú àtijọ́ ni ìfúnni rẹ̀. Iye tí àwọn èèyàn máa ń kà ni pé ó dá sí kíkọ́ ilé-ìwé girama 63, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì 121, ilé ìkàwé 41 àti iṣẹ́ omi 21. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, síbẹ̀ ó ń gbẹ́ kànga fún àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ìlú 68 ló fi oyè dá a lọ́lá, oyè náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí 1992, ó dìde pé kí àwọn òyìnbó san gbà-máà-bínú fún òwò ẹrú. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìgbà náà, OAU, fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1992.

Ní oṣù kìíní 1988, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Yorùbá, ẹni kẹrìnlá nìyẹn. Oyè ológun ni oyè yìí. Ẹni tó jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀ ni Olóyè S.L. Akíntọ́lá, tí àwọn sójà yìnbọn pa ní oṣù kìíní 1966. Àwọn àgbàlagbà máa ń sọ pé Kakaǹfò kì í kú sórí ibùsùn nílé ara rẹ̀. Abíọ́lá kò gbé ìbọn rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ ogun ló pa á.

BÍ ÀWỌN SÓJÀ ṢE TI CONCORD PA

Ibí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Ní oṣù Kẹrin 1992, ìwé ìròyìn African Concord gbé ọ̀rọ̀ kan jáde tó béèrè bóyá ọ̀gágun Babangida ti juwọ́ sílẹ̀ lórí ìṣòro ìlú. Inú bí ìjọba. Sójà dé, wọ́n ti gbogbo ilé-iṣẹ́ Concord pa. Babangida yìí, ọ̀rẹ́ Abíọ́lá ni o. Abíọ́lá tọrọ àforíjì, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n olóòtú African Concord, Báyọ̀ Ọ̀nànúgà, ní òun kò ní tọrọ àforíjì fún ohun tó jẹ́ òótọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dá TheNews sílẹ̀ ní 1993.

Ṣé a lè bú Abíọ́lá fún ìyẹn? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Dúkìá rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló ń jẹun níbẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù bá wá fi kọ́kọ́rọ́ ti ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣé kò ní kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n? Ẹni tó ni nǹkan ló láṣẹ láti bẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀, kó sì fi sílẹ̀ bó bá wù ú. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́, a ó padà sí i.

JUNE 12

Ní 1993, Abíọ́lá díje fún ipò olórí orílẹ̀-èdè lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin. Babagana Kingibe ni igbákejì rẹ̀, Bashir Tofa ti NRC ni wọ́n sì jọ du ipò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, àwọn èèyàn tò sórí ìlà láti àríwá dé gúúsù. Kò sí ìjà. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá àti igbákejì rẹ̀, síbẹ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì dìbò fún wọn. Kano ni ìlú Tofa, síbẹ̀ Abíọ́lá ló wọlé níbẹ̀. Ìbò 8,341,309 ni ti Abíọ́lá, 5,952,087 ni ti Tofa.

Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba Babangida ní àwọn ti wọ́gi lé ìbò náà. Ìlú dàrú. Ní oṣù Keje, wọ́n ti ọjà, wọ́n ti títì l'Ékòó, sójà sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n tún ti Concord pa pẹ̀lú àwọn ìwé ìròyìn mìíràn bíi Punch àti Sketch. Ní òpin oṣù Kẹjọ, Babangida fi ipò sílẹ̀, ó gbé ìjọba fìdí-hẹ lé Ernest Shonekan lọ́wọ́. Abíọ́lá gbé ẹjọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, obìnrin adájọ́ kan, Dọlápọ̀ Akínsànyà, jókòó sí ilé-ẹjọ́ gíga Èkó, ó ní ìjọba fìdí-hẹ yẹn kò bá òfin mu. Kò bẹ̀rù sójà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1994, Abíọ́lá dúró ní Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó kéde ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí orílẹ̀-èdè tí aráàlú yàn. Kò ju ọjọ́ méjìlá lọ tí wọ́n fi mú un. Concord tún di títì pa. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó ṣí i.

OWÓ ÀJỌ NI ÌBÒ JẸ́

Lẹ́yìn tí wọ́n tì í mọ́lé tán, ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣòroó sọ lẹ́nu. Kó ṣáà ní òun ti jáwọ́ nínú ìbò yẹn, kó máa lọ sílé, sọ́dọ̀ àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kó padà sídìí owó rẹ̀. Abíọ́lá kọ̀. Ọdún kan kọjá, ó kọ̀. Ọdún méjì kọjá, ó kọ̀. Ọdún mẹ́ta kọjá, ó ṣì kọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ nígbà yẹn pé agídí ni. Wọ́n ní ẹni tó tọrọ àforíjì ní 1992, kí ló dé tí kò lè tọrọ rẹ̀ ní 1994? Àwa alájẹṣẹ́kù ló yẹ kó mọ ìdáhùn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Concord, tirẹ̀ ni. Ìbò 8,341,309 yẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Owó àjọ ni. Àwọn tó ni ín pọ̀ lọ bíi yanrìn, olúkúlùkù mú tirẹ̀ wá, wọ́n kó o sí i lọ́wọ́ pé kó bá àwọn tọ́jú rẹ̀. Bí olè bá ká alájọ mọ́lé, ó lè fi aago ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó lè fi bàtà ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò láṣẹ láti ní, "Ó dáa, ẹ máa kó owó àjọ lọ, mo ti yọ̀ǹda rẹ̀." Ta ló fún un láṣẹ? Ọmọ tó ń ta igi ìdáná, tó tún kọ́ ìṣirò owó, mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ara ẹni àti owó tí wọ́n fi síni lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ti í mọ́lé, ìyàwó rẹ̀ Kudirat ló di ohùn rẹ̀. Simbiat ìyálé ti kú ní 1992. Kudirat ló ń lọ sókè sódò, ó ń bá àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ NADECO ṣe, ó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ epo nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1994. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996, wọ́n yìnbọn pa á nínú mọ́tò rẹ̀ nílùú Èkó níbí. Ẹni ọdún 44 ni. Awakọ̀ rẹ̀ náà bá a lọ. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó wà lókè òkun fi orúkọ rẹ̀ pe rédíò tí wọ́n ń fi bá ìjọba Abacha jà, Radio Kudirat. Ní New York, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ oríta kan nítòsí ilé aṣojú Nàìjíríà.

Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1998. Gbogbo wa ń retí pé wọ́n á tú Abíọ́lá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, ó ń bá àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ní Abuja nígbà tí àìsàn kọlù ú lójijì, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Àwọn dókítà ní àrùn ọkàn ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà á gbọ́ títí dòní. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Ìkẹjà, inú ọgbà ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

OHUN TÓ WÓ ÀTI OHUN TÓ DÚRÓ

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ báyìí, bí a ṣe máa ń ṣírò ìwé ẹgbẹ́ lópin ọdún.

Ọkọ̀ òfurufú Concord kò fò mọ́. Concord tí a ń rà ní àràárọ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí òun náà fi dákẹ́. Àwọn sójà ló kọ́kọ́ ṣe é léṣe, kò sí iyè méjì. Ìwé ìròyìn tí wọ́n tì pa fún ọdún kan gbáko, oníbàárà rẹ̀ á ti bá ibòmíràn lọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí bí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì pa fún oṣù mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà níbẹ̀: ọrùn ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ so kọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹni náà lọ, kò sí ọwọ́ mìíràn tó lágbára tó tirẹ̀ láti gbé e ró. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ẹ wá wo June 12. Ẹni tí wọ́n dìbò fún kú, ìyàwó rẹ̀ kú, ìwé ìròyìn rẹ̀ kú. Síbẹ̀ kò kú, torí pé ọwọ́ àwọn tó ni ín ló wà. Àwọn lọ́yà, àwọn oníròyìn, àwọn òṣìṣẹ́ epo, àwọn obìnrin ọjà, àwọn ọmọ ilé-ìwé, kálukú di ibi tirẹ̀ mú. Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ń sàmì sí ọjọ́ náà ní gbogbo ọdún tí ìjọba Abuja fi ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2018, ìyẹn ogún ọdún lẹ́yìn ikú Abíọ́lá, Ààrẹ Buhari kéde pé June 12 ni yóò máa jẹ́ ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, ó sì fún Abíọ́lá ní oyè GCFR tó jẹ́ ti àwọn olórí orílẹ̀-èdè. Ní 2019, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Abuja. Ní oṣù Kejì 2025, Babangida fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé Abíọ́lá ló wọlé. Ó gba ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ó lé, ṣùgbọ́n àwọn tó ni àjọ kò jẹ́ kí wọ́n pa ìwé rẹ̀ dé.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸGBẸ́ WA

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí nìyí. Àwọn kan máa ń kùn pé kí ló dé tí ẹni mẹ́ta fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí owó tó jáde ní báńkì. Wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Àwọn kan ní kí ló dé tí a fi ń ka ìwé owó sétí gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù, ṣé a kò fọkàn tán akápò ni? A fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́, bó ti wù kí ẹni náà dára tó, bí ẹni náà bá ṣubú, ó bá a ṣubú. Èyí tí gbogbo wa bá mọ iye rẹ̀, tí gbogbo wa di mú, kò sí ẹni tó lè fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa.

Ẹ̀kọ́ kejì wà fún àwa tí ẹ yàn sípò. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe tiwa. A kò láṣẹ láti fi ṣe ojú àánú fún ẹbí, a kò láṣẹ láti fi bẹ ẹnikẹ́ni, a kò láṣẹ láti dárí rẹ̀ ji ọ̀rẹ́ tó jẹ gbèsè. Bí nǹkan bá jẹ́ tara wa, a lè yọ̀ǹda rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àjọ, ká kú sídìí rẹ̀ ló kù.

Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ yín tó ń bá yín jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ń júwe ọ̀nà fún oníbàárà, kí wọ́n mọ ẹni tí orúkọ títì náà jẹ́. Kí wọ́n mọ̀ pé obìnrin ni Simbiat, obìnrin ni Kudirat, obìnrin ló ṣe olóòtú Concord, obìnrin ló sì jókòó sórí àga adájọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń sá.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Ààrẹ Abíọ́lá àti Kudirat sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó má jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa túká. Ẹni tó yá owó, kó rí i san. Ẹni tó ń fi owó pamọ́, kó rí i jẹ. Ọjà á tà, èrè á wọlé, a ò ní rí ogun iná, a ò ní rí ogun olè. Àmín o.